Páìpù Adésíyan

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ Adésíyan débi pé kò rántí ọmọ ta ni àṣetẹ́ mọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ayùn gé páìpù èéfín ọkọ̀ ìje kékeré tí àbúrò rẹ̀, Fadékẹ́mi, fẹ́ fi díje nírọ̀lẹ́. Bó bá ti gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tún yá sí i. Fadékẹ́mi á wà á yípo pápá, á sì padà wá bá a.

"Bọ̀dá mi, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká sinmi."

"Ó kù díẹ̀," ni Adésíyan ń wí, á tún fa ayùn.

Nígbà tí ìje bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà ń han gooro lójú ọ̀nà tó tọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti rọra yà ní kọ́nà, agbára àtigbéra kò sí mọ́, torí páìpù tó bá ti kúrú jù kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lágbára nígbà tí kò bá sáré. Gbogbo àwọn tó kù ló fi í sílẹ̀ lọ.

Fadékẹ́mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí akoto rẹ̀, ó wo páìpù. Irin tí a ti gé kò ṣeé fi itọ́ lẹ̀. Adésíyan jókòó sórí táyà, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ ṣáà ní ó kù díẹ̀," ni Fadékẹ́mi wí jẹ́jẹ́. "Ó ti wá kù díẹ̀ káàtó."