Kámẹ́rà Tó Wà Lọ́rùn Gbọ́lágadé

"Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìlú Agbẹ̀dẹ-Odò, ẹ ó gbọ́ tí àwọn onífọ́tò ibẹ̀ ń pa á lọ́nà mìíràn. Wọ́n á ní: "Ẹni tí yóò pààrọ̀ kámẹ́rà fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò." Òwe a máa bímọ, ọmọ òwe náà a sì máa ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí èyí? Ṣé ẹ mọ ẹni tó rọbí rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n kó tó parí, inú yóò bí yín.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fadérẹra. Ìyá Mọlará ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ fọ́tò. Nígbà tí ọkọ náà kú, kámẹ́rà rẹ̀ ni obìnrin yìí gbé kọ́rùn tó ń fi wá oúnjẹ òòjọ́. Ìwé mẹ́fà ló kà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, á kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún, á gbé e mì, á tún gbé e wá sẹ́nu. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ti ń bà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, nítorí ó ti rí i pé ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ opó, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣà á.

Kámẹ́rà ọkọ rẹ̀ wá kú lójú agbo. Ọjọ́ ìgbéyàwó kan ni. Ìyàwó ń wọlé bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Fadérẹra tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò dún. Àwọn ẹbí ìyàwó bú u débi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà sá jáde. Ó dé ilé, ó jókòó, ó ronú. Kí ni opó yóò jẹ tí kò bá ya fọ́tò? Ó ta oko kòkó tí ọkọ fi sílẹ̀, ó fi ra kámẹ́rà tuntun. Ohun tó kù sílé kò ju owó ìdánwò àṣejáde Mọlará, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé girama. Mọlará ti ra bírò tuntun pamọ́ nítorí ìdánwò náà.

Ẹni tó ta kámẹ́rà fún un ni Gbọ́lágadé. Láti ìlú ńlá ni Gbọ́lágadé ti ń kó kámẹ́rà wá fún ẹgbẹ́ onífọ́tò. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ni, ó ń wọ kóòtù nínú oòrùn. Bó bá ta kámẹ́rà tán, á tún ta ohun kan lé e lórí. Wáráńtì ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o san owó mìíràn lórí owó ọjà, kí wọ́n ṣèlérí fún ọ pé bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n á tún un ṣe, tàbí kí wọ́n gbé tuntun fún ọ. Ìlérí ni. Ẹnu la fi ń ṣe é, owó la fi ń gbà á.

Ní Agbẹ̀dẹ-Odò, kò sí onífọ́tò tó ń gbé kámẹ́rà tuntun lọ sóde láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ bá a wẹ̀ ẹ́. Láyé àtijọ́, alága á ṣí ìgò ọtí, á gbàdúrà, á kán ọtí sí kámẹ́rà náà lórí bí ẹni ń wúre fún ọmọ tuntun. Gbogbo ẹgbẹ́ á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ṣe Àmín, wọ́n á wá jẹ mọ́ínmọ́ín. Nísinsìnyí, wọn kì í kán ọtí sórí rẹ̀ mọ́. Ìka ni alága ń tì bọ ọtí, á fi kan okùn rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wẹ kámẹ́rà Fadérẹra pé. Ẹgbẹ́ pé sí gbọ̀ngàn wọn. Kámẹ́rà dúdú náà wà lórí tábìlì, ó ń dán. Kí wọ́n tó ṣí ìgò, Gbọ́lágadé dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Màmá, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n oríire tí kò ní ọgbà, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́. Kámẹ́rà yìí, ẹyin ni. Ó lè já bọ́. Òjò lè pa á. Ọmọ ọlọ́mọ lè fẹsẹ̀ kọ okùn rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ rántí ọjọ́ ìgbéyàwó ọjọ́sí, bí wọ́n ṣe bú yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ. Ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, tó ní ó le bí irin, tó ní ọmọ-ọmọ Fadérẹra ni yóò jogún rẹ̀! Owó rẹ̀ kò tíì móoru nínú àpò tí kámẹ́rà fi di ẹyin. Ó ta ọjà tán, ó wá ń ta ẹ̀rù. Ẹni tó sì fẹ́ tà á fún, ẹ̀rù ti kún ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fadérẹra wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ọ̀gá, mo... mò ń rò ó ni. Owó tó kù lọ́wọ́ mi, ti ìdánwò ọmọ ni. Ọ̀la ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀."

"Ìdánwò? Ṣé ọdún yìí nìkan ni wọ́n ń ṣèdánwò ni? Bí kámẹ́rà bá bàjẹ́, kí lẹ fẹ́ fi bọ́ ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò? Òní nìkan sì ni o, Màmá. Bí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́ láìsí wáráńtì, mi ò lè bá yín gbà á mọ́."

Bàbá Awóyẹmí, alága ẹgbẹ́, wú ikọ́.

"Gbọ́lágadé, tèmi ńkọ́?"

Gbogbo ilé mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Ní ọdún tó kọjá, Bàbá Awóyẹmí ra kámẹ́rà, ó san owó wáráńtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, ọtí tí wọ́n kán sí i gba ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kámẹ́rà ti fọ́jú. Bàbá gbé e tọ Gbọ́lágadé lọ. Ẹ sì mọ̀ pé Gbọ́lágadé wà níbi ìwẹ̀ náà o! Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kámẹ́rà pẹ̀lú ọwọ́ àwọn yòókù. Òun ló ṣe Àmín tó dún jù. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ní kí wọ́n bù sí i. Ẹnu tó fi ṣe Àmín náà ló fi sọ fún àgbàlagbà pé, "Ọtí kò sí nínú wáráńtì. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pa á." Láti ọjọ́ náà ni arúgbó ti ń yá kámẹ́rà Sàkíbù, ọmọdé inú ẹgbẹ́, lò. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọdé, á máa dúró kí ọmọdé ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Sàkíbù yìí, fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ló ń yà, kò sì lè rí ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà kó má débẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ foríjì í. Kò mọ̀ pé kámẹ́rà yín ò kí ń mutí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Gbọ́lágadé náà bá wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, èyí tí ẹ gbà nígbà yẹn, kékeré ni. Èyí tí mo gbé wá fún Màmá, àgbà wáráńtì ni. Ọtí wà níbẹ̀. Omi wà níbẹ̀. Kódà kí màlúù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n ó gbé tuntun fún wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Fadérẹra lára. Ó rí màlúù náà lójú inú rẹ̀. Ó rí òjò, ó rí ọmọ tó ń sáré, ó rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá jáde lẹ́ẹ̀kejì. Mọlará ńkọ́? Mọlará á dúró. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ọmọ tó gbọ́ràn ni wọ́n sì máa ń ní kó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú báàgì, ó mú owó náà jáde, ó nà án sí Gbọ́lágadé.

"Ẹ dúró báyẹn! Ẹ dúró báyẹn, Màmá!" ni Gbọ́lágadé wí. "Ẹ jẹ́ kí n ya ibi tí ẹ ti ń fún mi, kí n fi han àwọn ìlú tó kù. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ó ṣí kóòtù, ó fa kámẹ́rà tirẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ jáde.

Fadérẹra kò lè rẹ́rìn-ín. Ojú ló fi ń wò. Okùn kámẹ́rà náà ti já, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ya láti ara àńkárá so ó. Ilé bátìrì rẹ̀ kò lọ́mọrí mọ́, rọ́bà ni wọ́n fi dè é. Ojú rẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Gbọ́lágadé tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú.

"Ẹ má yíra padà o, Màmá. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀."

Ó tún lù ú. Fadérẹra mọ ìlù yẹn. Òun náà ti fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lu òkú kámẹ́rà rí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ayé.

"Ọ̀gá," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Màmá mi."

"Èyí tó wà lọ́rùn yín yẹn... àwọn wo ló tà á fún yín?"

"Ilé-iṣẹ́ wa náà ni."

"Ẹ gba wáráńtì sí i?"

"Há! Dandan ni. Àgbà wáráńtì! Ṣé mo lè máa tà á fún yín kí èmi má ní i?"

"Ìgbà wo ló ti bàjẹ́?"

Gbọ́lágadé sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Màmá, ìyẹn kọ́ ló wà nílẹ̀."

"Mo ní, ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ní kí n ṣì máa ní sùúrù, wọ́n ń wo ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dá lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn. Àgbàdo ti gbó. Fadérẹra fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fún owó ìdánwò náà mọ́ àyà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, kò gbé ọ̀rọ̀ mì mọ́. Kódà kò rántí "ẹ̀yin" mọ́.

"Ìwọ! Ìwọ tí ìwọ àti ilé-iṣẹ́ yẹn jọ ń jókòó, tí wọ́n mọ orúkọ rẹ, tí ò ń bá wọn tajà, wọn ò pààrọ̀ tìẹ! Èmi Fadérẹra, èmi opó, ta ló mọ̀ mí níbẹ̀ tí wọ́n á fi pààrọ̀ tèmi? O fẹ́ kí ọmọ mi jókòó sílé kí n lè wá ra kí ni? Sùúrù! Sùúrù lo dì sínú kóòtù wá tà fún mi! Ó wà nílé mi. Ó kún ilé mi. Mi ò rà!"

Ojú ti Gbọ́lágadé, ló bá sọ ojútì di ìbínú. "Ẹ wo obìnrin yìí o. Ṣé ọjà lẹ wá wò ni àbí ọrùn mi?"

"Ọrùn ẹ ni! Ọrùn ẹ ni mo wá wò. Ó yẹ ká ti máa wò ó tipẹ́!"

Bàbá Awóyẹmí dìde. Ó rìn lọ bá Gbọ́lágadé, ó di okùn àńkárá náà mú, ó yí i sí gbogbo ẹgbẹ́ bí ẹni ń fi ẹran hàn.

"Ẹ wá wò ó," ni arúgbó wí. "Àwa tí à ń fi ojú jẹun nìyí o. Kinní yìí ń fì lọ́rùn rẹ̀ láàárín wa, ẹnu rẹ̀ la jókòó tí à ń wò. Ó ti tán. Ẹni tí yóò pààrọ̀ kámẹ́rà fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò!"

Gbọ́lágadé já ara rẹ̀ gbà, ó kó ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ó dàbọ̀. Sàkíbù nìkan ló pariwo tẹ̀lé e: "Ọ̀gá, ẹ tún fàtẹ́lẹwọ́ lù ú, bóyá wáráńtì á jí!" Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà dénú.

Wọ́n wẹ kámẹ́rà. Alága ti ìka bọ ọtí, ó fi kan okùn rẹ̀. Fadérẹra kò lè ṣe Àmín síta, nítorí eyín rẹ̀ ṣì há mọ́ra fún ìbínú. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ mú owó lọ sílé-ìwé, ó dúró títí wọ́n fi kọ orúkọ Mọlará sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀ o. Kò kúrò. Bó bá ń lọ sóde, á fapá gbá kámẹ́rà mọ́ra, bí ọmọdé bá sáré kọjá, àyà rẹ̀ á já. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ̀rù tòun máa bá òun gbélé lọ́fẹ̀ẹ́, òun kò ní rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣèlérí ńláńlá fún yín, bó jẹ́ òṣèlú ni, bó jẹ́ àna ni, bó jẹ́ ọlọ́jà ni, tó ní òun yóò gbé yín dìde bí ẹ bá ṣubú, àwọn àgbà Agbẹ̀dẹ-Odò kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn fọwọ́ kan ọrùn ara wọn, wọ́n á ní: "Ẹni tí yóò pààrọ̀ kámẹ́rà fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí kò tíì rí ìlérí náà jẹ fún ara rẹ̀ kò ní i láti fún ẹlòmíràn. Ẹ di owó yín mú.