Agbẹnusọ Tí Ìlú Fẹ́ Yàn
Ọjọ́ tí Látẹ́jú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu iléeṣẹ́ afọ́kúta lórí rédíò, inú ìlú dùn. Wọ́n ní òun ni kó ṣe agbẹnusọ àwọn níwájú ìjọba. Nípàdé tí Baálẹ̀ pè láti yàn án, Morẹ́nikẹ́, ọ̀kan lára àwọn ìyá ìlú, dìde.

“Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí iléeṣẹ́ yìí fọ́ àpáta, tí ilẹ̀ mì, tí ògiri mi wó lu ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ sọ lórí rédíò pé ilé wa ló ti gbó.”

Látẹ́jú rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn ti pẹ́, àbúrò.”

“Ọmọ mi ṣì ń tiro, sà. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.”

Baálẹ̀ yíjú sí olùkọ́ tó ti ń bá ìlú kọ̀wé ẹ̀hónú sí ìjọba láti ọdún mẹ́ta.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ó bá wa sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba.”