Bí Wọ́n Ṣe Tún Mọ́rísì Bàbá Goróyè Ṣe

Ní àdúgbò Ìtókò, nílùú Abẹ́òkúta, tọkọtìyàwó kan wà tí wọ́n ti jọ darúgbó. Adégoróyè lorúkọ ọkọ, Àwẹ̀ró lorúkọ ìyàwó. Bí ẹ bá dé Ìtókò nígbà náà tí ẹ ní Adégoróyè lẹ ń wá, wọ́n lè máa wò yín lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Oní-Mọ́rísì, ọmọ ọwọ́ pàápàá á fi ilé hàn yín. Ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì ṣọ̀wọ́n ní gbogbo àgbègbè yẹn ni Goróyè ti lọ gba Mọ́rísì tirẹ̀ ní Àpápá, tuntun, bó ṣe ń bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Inú rẹ̀ ló fi gbé Àwẹ̀ró wálé ọkọ. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n fi gbé Ládàpọ̀, àkọ́bí wọn, dé láti ọsibítù.

Ayé dùn nígbà náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, Goróyè á ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wá máa wo ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń sùn. Oúnjẹ á tutù.

"Bàbá Ládàpọ̀," ni Àwẹ̀ró á wí, "ṣé èmi ni ìyàwó yín ni, àbí irin yìí?"

"Ìyáálé rẹ ni. Ó ti wà nílé kí n tó fẹ́ ọ. Kúnlẹ̀ kí o kí i dáadáa."

Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fi tutù sí i.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mọ́rísì di ohun tó ń sùn lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni pé ọkàn Goróyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò nílé díẹ̀díẹ̀. Ó gbàgbé orúkọ àwọn aládùúgbò, ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ, nígbà tó sì yá, kò mọ Àwẹ̀ró mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á tẹrí ba: "Ìyá yìí, ẹ ṣeun o." Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Ọ̀wọ̀ náà ló ń dun obìnrin náà. Kò wá aṣọ mọ́ láyé, kò wá owó. Ohun tó ń wá kò ju kí ọkọ rẹ̀ tún pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ní ẹgbẹ́ kan nílùú, Alàgbà Ṣóbándé, ọ̀rẹ́ Goróyè láti kékeré, ni olórí wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó ọkọ̀ wọn jáde ní pápá kí aráyé wá wò ó. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ ní èbúté, kó tó lè gba ẹ̀bùn. Ládàpọ̀ gbọ́ èyí, ó wá bá ìyá rẹ̀.

"Màámi, n ó tún Mọ́rísì ṣe. Bí Bàbá bá rí i bó ṣe wà nígbà èwe wọn, bóyá iyè wọn á sọ."

Àwẹ̀ró di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Iṣẹ́ kíkun ọkọ̀ ni Ládàpọ̀ ń ṣe ní Láfẹ́nwá. Ọkọ̀ tó bá ti kùn, ẹ lè fi ara rẹ̀ wo ojú gé irùngbọ̀n. Ẹ sì mọ àwọn tó ń kun ọkọ̀: ibi tí kò bá ti dán lójú wọn, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀ nìyẹn. Ó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó họ ọ́, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran. Ó kun rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń wà, ní dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Àwọn bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì, ó rì wọ́n sínú omi fàdákà. Nígbà tó pe ìyá rẹ̀ wá wò ó, Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ojú.

"Ládàpọ̀, kò ha ń dán jù bí?"

"Màámi, ta ló ń sọ pé ìyàwó lẹ́wà jù?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Àwọn èèyàn yí Mọ́rísì ká, wọ́n ń pariwo ẹwà rẹ̀. Wọ́n mú Goróyè sún mọ́ ọn. Àwẹ̀ró dúró tì í. Bàbá wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ìgbà pípẹ́, ó wá yíjú sí ọmọ tó bí, ó tẹrí ba fún un.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìnáwó. Ọkọ̀ yín dára púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sún un díẹ̀. Mọ́rísì tèmi wà lẹ́yìn rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ládàpọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Alàgbà Ṣóbándé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi àti bàbá rẹ la jọ lọ sí Àpápá lọ́jọ́ yẹn. Ìdí ìkòkò ni rédíétọ̀ yẹn jọ nígbà tó dé, kò dán rárá. A ò lè fún ọ ní ẹ̀bùn kankan."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ládàpọ̀ wá sílé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ bàbá. Ó jókòó sórí òkúta.

"Màámi, kí ni mo ṣe tó burú? Mo fọ̀ ọ́ mọ́ ni."

Àwẹ̀ró fi kànìnkànìn rọra nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí àbàjà rẹ̀ wà.

"Èmi náà ń fọ tèmi mọ́ lójoojúmọ́," ló wí. "Ìlà ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ládàpọ̀ dìde, ó padà sídìí Mọ́rísì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ gbé àpótí jókòó tì í. Bó bá po ọ̀dà tán, á fi han ìyá rẹ̀.

"Ṣé bí ó ṣe rí rèé?"

"Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí ewé ẹ̀fọ́ tó ti wà lórí àtẹ láti àárọ̀ ni kó rí."

"Màámi, ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn Láfẹ́nwá fi mí ṣẹ̀sín ni? Èmi Ládàpọ̀, kí n kun nǹkan kó má dán?"

"Kùn ún kó ṣú, ọkọ mi. Ẹ̀sín kì í pa ọkùnrin."

Ó kùn ún kó ṣú. Ó họ fàdákà kúrò lára bóòtù, ó fi irin wọn sílẹ̀ bí irin. Iṣẹ́ yẹn le fún un ju dídán lọ.

Nígbà tí ìpàtẹ ọdún kejì dé, wọ́n tún mú bàbá wá síbẹ̀. Goróyè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi imú gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan rédíétọ̀. Ó nàró tán, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó yọ́ wọ inú ọkọ̀ síbi ìjókòó awakọ̀. Ó wá yọrí síta lójú fèrèsé, inú ń bí i díẹ̀, bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́.

"Àwẹ̀ró, kí lò ń wò níbẹ̀? Wọlé ká máa lọ, òjò ń ṣú."

Òjò kankan kò ṣú. Àwẹ̀ró wọ inú ọkọ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó fi ìdí gèlè nu ojú. Alàgbà Ṣóbándé kò rántí ṣèdájọ́ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Goróyè tún ti padà sí "ìyá yìí, ẹ ṣeun," ṣùgbọ́n etí Àwẹ̀ró ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ládàpọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ nígbà tó ń wẹ bàbá dé Láfẹ́nwá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ohun àtijọ́ wá tó ní kí wọ́n sọ ọ́ di tuntun pátápátá, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, ó sì ti ibẹ̀ padà dé Ìtókò. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìtókò fi ń pa á lówe pé, bí a bá ń wẹ arúgbó, a kì í fọ ìlà ojú rẹ̀ nù.