Ohùn Ẹfúnyẹlá Lórí Odi Ìdógbo

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí Arógunyọ̀ ajagun fi iná sun ìlú mẹ́ta, ọkàn kò balẹ̀ mọ́ ní Ìdógbo. Ìlú náà kò ní odi, àwọn amí sì sọ pé kò ní ju oṣù méjì lọ tí ọ̀tá yóò fi dé. Ẹfúnyẹlá amọ̀kòkò, abá-amọ̀-sọ̀rọ̀-kó-gbọ́, nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń po ilẹ̀ ibẹ̀ tí ògiri kò fi ní lanu. Ṣùgbọ́n àṣà ìlú ni pé ọkùnrin ní í pàṣẹ níbi iṣẹ́ ilé mímọ, nítorí náà nígbà tí wọ́n pinnu láti mọ odi, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ́lékè ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹfúnyẹlá á sọ ọ̀rọ̀, Ọ̀jẹ́lékè á tún un sọ, òṣìṣẹ́ á tó gbé ọkọ́. Bó bá ti ẹnu obìnrin jáde, wọ́n á ní, "Ẹnu rẹ̀ le jù." Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti ẹnu Ọ̀jẹ́lékè jáde, wọ́n á ní, "Olórí gidi nìyí." Ìyìn náà dùn mọ́ Ọ̀jẹ́lékè.

Lọ́jọ́ kan ó bi Ẹfúnyẹlá pé, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò dùn yín pé èmi ni wọ́n ń yìn?"

"Bí odi bá dúró, ó tó mi," ni obìnrin náà fèsì. "Ọjọ́ tí àyè àtúnsọ kò ní sí ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọ̀jẹ́lékè ìbá ti sọ òtítọ́ fún ìlú lọ́jọ́ náà. Ó ṣeni láàánú pé kò sọ ọ́.

Nígbà tí odi ku ìpele kan, òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí rọ̀, ìhà àríwá tí kò tíì gbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ọ̀jẹ́lékè wà ní ẹnubodè kejì. Ẹfúnyẹlá kígbe pé, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, odi ń wó." Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tó wà lókè dúró, wọ́n ń retí ohùn Ọ̀jẹ́lékè. Ni obìnrin bí ọkùnrin náà bá gun odi, ó ń tì wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ẹni mẹ́sàn-án. Ibi tó ti di ẹnìkẹwàá mú ni odi ti wó mọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀jẹ́lékè sáré dé, ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni lókè mọ́.

Wọ́n fi ọgbọ́n Ẹfúnyẹlá dí àlàfo náà. Arógunyọ̀ dé, ó yí ìlú po fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ìlú wá fẹ́ fi Ọ̀jẹ́lékè joyè.

"Ẹ má fi mí joyè," ni ó wí. "Kò sí àṣẹ kan tó jẹ́ tèmi nínú odi yìí. Ẹfúnyẹlá ló ni gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, torí ìyìn yín dùn létí mi. Ìdákẹ́ mi ló pa á."

Àgbà kan mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀."

Láti ìgbà náà, obìnrin ní í pàṣẹ ìpele àkọ́kọ́ ilé gbogbo ní Ìdógbo, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹfúnyẹlá, ló kọ́kọ́ ṣe é. Abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni Ọ̀jẹ́lékè ti po amọ̀ títí ó fi darúgbó, wọ́n sì ní kí ọ̀rọ̀ tó parí lẹ́nu ọmọbìnrin náà, bàbá arúgbó á ti dìde láti ṣe é.