Ihò Àsálà àti Ọ̀nà Tó Gba Inú Rẹ̀ Kọjá

Ọkùnrin kan wà tó fi ọgbọ̀n ọdún la ọ̀nà fún ìlú onílùú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ìlú tirẹ̀, ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe agbéraga. Bí wọ́n bá ní kí á ka ènìyàn rere mẹ́ta nílùú náà, dandan ni kí á dárúkọ rẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn ún. Ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá yí òkè náà po, ó rí gbágungbàgun, ó sì jìn. Obìnrin méjì ti kú nínú ìrọbí sójú ọ̀nà yìí láàárín ọdún kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni ọkùnrin náà búra pé òun kò ní sinmi títí ọ̀nà títọ́ yóò fi wọ ìlú òun.

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, wọ́n ní ibi méjì ni ọ̀nà lè gbà. Ọ̀kan yà sápá òsì, láàárín oko kòkó. Ìyẹn yóò fi oṣù mẹ́wàá pẹ́ ju èkejì lọ, nítorí àwọn olóko pọ̀, ẹnu wọn kò sì ní í tètè kò. Èkejì lọ tààrà, ṣùgbọ́n inú Ihò Àsálà ni yóò gbà kọjá.

Inú àpáta ni Ihò Àsálà wà. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá ìlú náà sá wọ̀ nígbà ogun, tí ọ̀tá wá wọn títí tí kò rí wọn. Nígbà tí à ń sọ yìí, àdán ló kù níbẹ̀, àti obìnrin arúgbó kan tó máa ń gbá ẹnu ihò náà láràárọ̀. Àbúrò bàbá ọkùnrin yìí ni. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń gbá a kó tó kú, òun náà sì ń gbá a lọ.

Nígbà tí arúgbó náà gbọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn lọ sílé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àjàgbé," oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é, "wọ́n ní ẹ fẹ́ fọ́ Àsálà."

"Ìyá, ọ̀nà ni. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó kú."

"Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo wẹ òkú ọ̀kan. N kò ní kí o má la ọ̀nà. Ṣé o ti wọ inú ihò náà rí?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo dé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀rù àdán ò jẹ́ kí n wọlé."

"Wá bá mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe."

"Mo gbọ́, Ìyá. Lọ́la ni mo máa wá."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àlejò dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Ní ọjọ́ kẹta, ìpàdé wà. Arúgbó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba gbé ìwé ọ̀nà náà wá kó buwọ́ lù ú, wọ́n ní ìwé náà gbọ́dọ̀ padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wo àwòrán ọ̀nà lórí ìwé. Ihò náà kò ju ohun róbótó kan tí wọ́n fi bírò sàmì sí. Ó rántí ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú.

Láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń dá ihò tí wọ́n máa ki ẹ̀tù sí lára àpáta ni àwọn àdán ti ń tú jáde sínú oòrùn. Wọ́n ń fò yí orí òkè ká, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò bà sí. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fọn súfèé, ilẹ̀ sì mì. Arúgbó náà kò wá síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí òkè.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n fọ́ ihò náà, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí alága pé kó wá wo nǹkan. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín àwókù, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ilé. Èéfín ti sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan di dúdú. Ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ ata wà lára rẹ̀, ó jìn, ó sì ń dán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹnì kan ti fi nǹkan mímú fa ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ilà tẹ̀lé ilà, títí dé ibi tí òkúta náà ti kán.

Ọkùnrin náà lọ mú arúgbó wá. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa àwọn ilà náà.

"Ìyá, kí ni ìwọ̀nyí?"

"Ọjọ́ ni. Ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ ló fà wọ́n. Oyún ló gbé wọ inú ihò yìí, ọmọ ló gbé jáde. Ọjọ́ kan, ilà kan. Ọjọ́ tó bímọ, ó fa ilà tiẹ̀ gùn ju ìyókù lọ. Bàbá mi fi hàn mí, ó ní, 'Ibi tí wọ́n bí mi sí nìyí.'"

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilà gígùn náà.

"Má wá a mọ́," ni arúgbó náà wí. "Apá kejì ló wà."

Apá kejì ti di òkúta wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ ti kó o láti àná, wọ́n ti dà á sójú ọ̀nà.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí fún mi?"

"Mo ní kí o wá wò ó ni, ọmọ mi. Bí mo bá sọ ọ́, ìtàn lásán ni ìwọ ì bá pè é."

Ọ̀nà náà pàápàá kò yá. Àpáta inú lọ́hùn-ún le ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ bàjẹ́, òjò dé, iṣẹ́ dúró. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló gbà kí ọ̀dà tó dé orí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wọn ilẹ̀ jẹ́wọ́ pé, ká ní apá òsì ni wọ́n gbà, iṣẹ́ ì bá ti parí tipẹ́. Láàárín ìgbà náà, obìnrin mìíràn tún kú sí ọ̀nà àtijọ́.

Nígbà tó parí, ó dára. Àwọn aboyún ń gbà á lọ, wọ́n ń gbé ọmọ bọ̀. Àwọn ènìyàn ń yin ọkùnrin náà, ó ń dáhùn. Ó ní kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì mọ òkúta tó kù náà mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, ó sì mú arúgbó wá wò ó. Arúgbó náà fọwọ́ kàn án. Ó ní, "O ṣeun. Ṣùgbọ́n àpáta ni bàbá mi fi hàn mí, kì í ṣe ògiri." Kò tún wá síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, àwọn ènìyàn máa ń rí ọkùnrin náà létí ọ̀nà tuntun, tó tẹ̀ ba, tó ń fi ọ̀pá yí òkúta wẹ́wẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ló ń bẹ̀ wò.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ọkùnrin náà kò burú jù ọ́ lọ. Àánú ló mú un kánjú, ìkánjú náà kò sì gba ẹnì kan là. Bí a bá ṣi ọ̀nà là, a lè la òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò fi ọwọ́ dá, bí a bá fọ́ ọ, ọwọ́ wo ni yóò tún un dá? Mo gbọ́ pé ìwé tí wọ́n fẹ́ fi fọ́ òkè ìlú tìrẹ ti wà lórí tábìlì rẹ. N kò ní kí o má buwọ́ lù ú. Oòrùn kò tíì wọ̀, òkè náà kò sì jìn sílé rẹ. Dìde, kọ́kọ́ lọ wò ó.