Dágídù àti Ìkòkò Wàrà Kírísínà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Àbí ẹ ti ń tòògbé? Ààlọ́ o!

Ààà-lọ̀!

Ó káre. Àlọ́ mi rìn títí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ gbì sí ìletò kan ní ilẹ̀ Íńdíà, ó wá jókòó lé ọ̀kánjúwà kan tó ń jẹ́ Dágídù lórí. Olùkọ́ ará Íńdíà tó kọ́ wa ní ìṣirò ló pa á fún wa.

Epo ni Dágídù ń tà. Ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń jẹun tí kì í yà kí.

Ní ìletò yìí, wọ́n fẹ́ràn òrìṣà wọn kan, Kírísínà, bí ẹni fẹ́ràn àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí ibi tí wọ́n lè gbé wàrà pamọ́ sí tí kò ní jí i lá.

"Màmá, òrìṣà ń jalè ni?"

Ọmọdé ni nígbà náà, Fẹ́yìntọ́lá. Jẹ́ n máa bá àlọ́ mi lọ.

Bí ọjọ́ ìbí Kírísínà bá pé, gbogbo ìlú á gbààwẹ̀. Wọ́n á fi òdòdó ṣe ibùsùn ọmọ jòjòló lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbé ère rẹ̀ kékeré sí i, wọ́n á máa rẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á fọ́ ìkòkò wàrà tí wọ́n so kọ́ sókè láàrin ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ á gun èjìká ara wọn bí ilé alájà mẹ́rin. Àwọn obìnrin á máa da omi lù wọ́n láti ojú fèrèsé, kí ẹsẹ̀ wọn lè yọ̀! Ẹni tó fúyẹ́ jù, tó wà lókè téńté, ni yóò fọ́ ìkòkò. Wàrà á dà sí wọn lórí, tọmọdé tàgbà á sì pín in lá.

Abọ́ wàrà kọ̀ọ̀kan ni ilé kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Sákúbáì, opó àgbàlagbà tó ní màlúù kan ṣoṣo, kò ta wàrà fún ọjọ́ mẹ́ta kí abọ́ tirẹ̀ lè kún. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n fi oyin àti bọ́tà sí i. Wọ́n wá so okùn ìkòkò mọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì Dágídù lápá kan, wọ́n so ó mọ́ ti òdìkejì lápá kejì. Ẹ gbọ́, ta ní í so àgùntàn mọ́ ẹnu ọ̀nà ìkookò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀, gbogbo ìlú ń lọ sí ilé òrìṣà. Dágídù ní, "Yéè, ẹsẹ̀ mi! Ẹ máa lọ, màá gba ààwẹ̀ tèmi nílé."

Bí ìgboro ṣe dá páropáro, ó fa okùn, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́, ìkòkò dé ojú fèrèsé. Ó ní òun á kàn tọ́ ọ wò ni. Ó fi ìka kan lá a. Ó fi ọwọ́ bù ú. Nígbà tó yá, ó gbé ìkòkò sẹ́nu: gbùkù, gbùkù, gbùkù!

Ó ní, "Ṣebí òrìṣà gan-an jí i lá. Ẹ̀sìn ni mò ń ṣe."

Ó po ẹfun mọ́ omi, ó rọ ọ́ kún inú ìkòkò, ó tì í padà.

Ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n inú Dágídù ò mọ́. Gbùrù! Gbàrà! Pándú, olórí àwọn ọ̀dọ́, pè é: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tóbi jù, ẹ̀yin ni òpó wa."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Sákúbáì ní, "Ẹsẹ̀ wo? Èyí tí o fi sáré lọ sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti àárọ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má fura, ló bá lọ dúró sísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gùn ún, àwọn mìíràn gun àwọn yẹn. Mándá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí Sákúbáì ní láyé, ló ń gun òkè lọ. Wọ́n dá orin:

Ọ̀rẹ́ mi, rọra gùn,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*
Ìkòkò wàrà ń bẹ lókè,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*
Ẹni ìsàlẹ̀ má yẹsẹ̀,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*
Ọmọ ọlọ́mọ wà lórí,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*

Omi dà, ṣàà! Inú Dágídù dáhùn: gbùrù-gbùrù-gbàrà! Bó bá sá, gbogbo ilé èèyàn yẹn á wó, orí Mándá á sì bá òkúta. Bí kò bá sá... ẹ̀yin náà mọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, kékeré báyìí. Òógùn bò ó. Ó di eyín, ó fún ẹsẹ̀ pọ̀, ó bú sórin:

Inú mi ń dún, inú mi ń run,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*
Wàrà àná ló ń bá mi jà,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*
Ẹ sọ fọ́mọ kó yára,
*Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.*
Mi ò ní yẹsẹ̀, ẹ gbà mí,
*Pẹ̀lẹ́ o...*

"Wàrà àná wo?" Pándú ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Gbàà! Mándá ti fọ́ ìkòkò. Omi funfun ya lu gbogbo wọn. Mándá lá ọwọ́ rẹ̀, ó tutọ́. "Ìyá àgbà, ẹfun ni!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dágídù dúró gbọn-in. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Mándá kan ilẹ̀ ló tó sá, kìtìkìtì! Kò dé ṣáláńgá. Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tó wẹ̀ tán, ó padà wá, ó tẹrí ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Sákúbáì. "Ìyá, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Pándú ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Sákúbáì ní, "Ẹ dúró. Ó jẹ wàrà mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lè sá, kò sá. Òun ni Mándá fi wà láàyè." Ó kọjú sí Dágídù. "Kírísínà jí wàrà, ó pín in fún ọ̀rẹ́, ó pín in fún ọ̀bọ. Ìwọ dá nìkan jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ fi bá ọ jà."

Wọ́n ní kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó tọrọ wàrà, kó sọ ohun tó ṣe lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ. Wọ́n so ìkòkò mìíràn, wọ́n sì fọ́ ọ. Ọmọ tó kéré jù ló kọ́kọ́ lá. Dágídù ló gbẹ̀yìn. Ṣíbí kan péré ló kù. Ó lá a, ó dijú. Ó ní òun ò tọ́ wàrà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ wò rí.

Ibí ni àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àtẹ́wọ́ mi má dún. Bí n kò bá purọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pàá! pàá! pàá!

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, kí ẹnì kan má dá a jẹ. Ẹni tó bá sì ti ṣìṣe, kó dúró gba ẹ̀tẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fara gbá a.