Àáké Kan Ṣoṣo tí Ògúnrónbí Jogún

Ìyá Ògúnrónbí àti opó mẹ́fà mìíràn ló ń dáko lẹ́sẹ̀ àpáta ńlá kan. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wọn ta tán, Baálẹ̀ ní òun ti gba ilẹ̀ náà, nítorí opó kì í ní ilẹ̀. Ta ló ṣòfin yẹn? Òun náà ni.

Wòlíì Dọ́káàsì, ìyá arúgbó tó ń gbàdúrà lórí àpáta náà, kò dákẹ́. Ó ko Baálẹ̀ lójú láàárín ìgbìmọ̀ pé Ọlọ́run ti gbọ́ ẹkún àwọn opó.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ̀yin lẹ ń wàásù pé Ọlọ́run ń fa oyin yọ nínú àpáta. Kó fà á yọ kí oòrùn òní tó wọ̀, màá dá ilẹ̀ padà! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dẹrù yín."

"A gbà," ni Wòlíì wí.

Agégi ni Ògúnrónbí. Àáké kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, òun ni Wòlíì sì ní kó gbé wá fi la àpáta.

"Ìyá Wòlíì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àmì."

Kòkòrò oyin kan fò wọ ibi tí àpáta ti sán. Ògúnrónbí lu ibẹ̀, ó sì yí àáké padà, ó wo ẹnu rẹ̀. Ó ti kán díẹ̀.

"Ẹ bá mi béèrè àmì mìíràn."

Oyin méjì tún wọlé. Ó lù ú, ó tún wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀.

"Agégi, ṣé dígí ni àáké ọ̀hún ni?" ni àwọn ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ń pariwo. "O ti wojú ẹ tó!"

Wòlíì gbá a lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, àwọn aṣáájú Ísírẹ́lì pàápàá béèrè àmì, ṣùgbọ́n wọ́n rí i, wọ́n sì dìde. Ẹnu àpáta ni àmì tìrẹ wà, ẹnu àáké lò ń wò!"

Ògúnrónbí wo ìyá rẹ̀. Ìyá jókòó sórí ebè, kò di ẹrù kankan.

"Àjàmú," ni ìyá fi oríkì rẹ̀ pè é, "lù ú."

Ó lù ú. Kò wo ẹnu àáké mọ́. Iná ń ṣẹ́ yọ, irin ń fọ́ dànù, ó ṣáà ń lù ú. Lójijì, àpáta là gbàgà! Oyin pupa ṣàn jáde, ó rin ẹsẹ̀ Baálẹ̀ tó dúró ń wòran. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ fò kọjá lórí àwọn opó, Baálẹ̀ ni wọ́n lé délé.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbìmọ̀ ti dá ilẹ̀ padà fún àwọn opó. Àwọn opó ń lá oyin, wọ́n ń jó yí Ògúnrónbí ká, igi àáké lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí pé irin ti tán lórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti fi ń pa á lówe pé: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.